Ìyá Tó Dá Jókòó Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí ilẹ̀ ti fọ́n káàkiri inú òkun, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ lọ kí ìbátan rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Erékùṣù tí ọkùnrin yìí ń gbé kò tóbi. Bí èèyàn bá jẹun àárọ̀ tán tó sì fẹsẹ̀ rìn yí i ká, yóò ti padà délé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Káfíńtà ni ọkùnrin náà. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ló ń ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ní òtẹ́ẹ̀lì létí òkun kì í fẹ́ gbé iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíràn.

Má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bíi pé èèyàn burúkú ni. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ebi kò pa ìyàwó rẹ̀ rí, àwọn ọmọ rẹ̀ kàwé, nígbà tí bàbá rẹ̀ sì kú, òun ló mú ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, tó kọ́ yàrá kan mọ́ ilé rẹ̀ fún un, yàrá tí oòrùn àárọ̀ máa ń wọ̀. Bí òrùlé yàrá náà bá jò, kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kó tó tún un ṣe. Gbogbo ará àdúgbò ló ń sọ pé ìyá náà bímọ.

Ìyá yìí kì í ṣe ọmọ erékùṣù náà. Erékùṣù mìíràn ni wọ́n bí i sí, èyí tó jìnnà, tó jẹ́ pé ọkọ̀ yóò ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ èbúté kó tó débẹ̀. Ọmọge ni nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un wọ ọkọ̀ wá fún ọkọ. Láti ọjọ́ náà, kò padà síbẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ó bínú sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ ló kọ́kọ́ dé, ọmọ mìíràn tún tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ sì kú ní àsìkò òtútù tí ìjì kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn. Ọjọ́ tó yẹ kó lọ kàn ń sún síwájú ni, títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ní ilé ọkọ, ìyàwó lágbájá ni wọ́n ń pè é, nígbà tó yá, wọ́n ń pè é ní ìyá káfíńtà. Marusó ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún ń fi pè é.

Nígbà tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ tán, tí ilé sì pa rọ́rọ́, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sílé wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí èmi àti ìwọ jọ lọ."

Ọmọ ní, "A máa lọ, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì yìí ná."

Ó parí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì náà, òmíràn dé. Ó ní kí ọdún Àjíǹde kọjá. Ọdún Àjíǹde kọjá. Ó ní kí àwọn àlejò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ tán. Ìyá rẹ̀ kò tẹnu mọ́ ọn. Ó kàn máa ń jáde sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ bá fọn fèrè wọ èbúté ni, yóò dúró wò ó títí yóò fi kọrí sójú òkun padà, yóò wá wọlé lọ máa bá ohun tó ń ṣe lọ.

Lọ́dún kan, dókítà tó máa ń wá sí erékùṣù náà yẹ ìyá wò. Ó pe káfíńtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọkàn ìyá ti rẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kó máa gun ibi gíga mọ́. Ó tún ní, "Ohunkóhun tí wọ́n bá ń fẹ́, ẹ tètè ṣe é fún wọn."

Ọkùnrin náà ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa lọ́jọ́ náà, ó lọ jókòó létí omi, ó sì pinnu pé òun yóò mú ìyá òun lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe nǹkan láàbọ̀ ni. Ó rò ó pé kò yẹ kí ìyá òun dé ilé bàbá rẹ̀ kó bá ahoro níbẹ̀. Ó fóònù ìbátan kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún wọn lọ́hùn-ún, arúgbó obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá ìyá rẹ̀. Arúgbó náà ní ilé ṣì dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan ló ti jẹrà. Ni káfíńtà bá gba ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà náà lẹ́nu rẹ̀, ó wọ inú ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan tí irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ó kùn ún ní àwọ̀ búlúù, torí ó ti gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé búlúù ni ilẹ̀kùn ilé wọn nígbà èwe. Ó fi aṣọ bò ó, ó sì fi ránṣẹ́ ṣáájú. Arúgbó náà wá ẹni tó gbé e kọ́, ó gbá ilé, ó sì ní kí wọ́n fi ẹfun kun ara ògiri.

Káfíńtà kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ rí ojú rẹ̀ nígbà tí yóò dé iwájú ilé náà tí yóò sì rí ilẹ̀kùn náà. Láti ìgbà náà, kò ro ohun mìíràn mọ́. Bó bá ń jẹun, ojú ìyá rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn búlúù ló ń rí.

Wọ́n wọ ọkọ̀ láàárọ̀. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere, òkun sì tẹ́jú. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ìyá di ọmọ rẹ̀ lápá mú, ó ní, "Jẹ́ ká jókòó sókè, níta, níbi tí a ti lè máa rí òkun. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ sọ."

Ọmọ wo àtẹ̀gùn tó lọ sókè, ó rántí dókítà. Ó rántí pé afẹ́fẹ́ òkun tutù. Ó mú ìyá rẹ̀ lọ sínú yàrá èrò tó wà nísàlẹ̀, ó wá àga tó rọ̀ fún un láàárín, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í mì púpọ̀. Ó da kóòtù bò ó léjìká, ó ká aṣọ sí i lẹ́sẹ̀, ó gbé omi àti búrẹ́dì sítòsí rẹ̀. Kò sí ohun tó gbàgbé.

Ìyá ní, "Ọjọ́ tí bàbá mi ń mú mi bọ̀..."

Ọmọ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ da ara yín láàmú. Ẹ sinmi. Bí a bá débẹ̀, ẹ ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi nínú ilé bàbá yín gan-an."

Ilẹ̀kùn ló ń rò tó fi ń rẹ́rìn-ín. Ìyá fa kóòtù náà mọ́ra. Ó ní, "Ó dáa."

Obìnrin kan jókòó sórí àga tó tẹ̀ lé ti ìyá. Aránṣọ ni, ó ń lọ sí erékùṣù kan náà tí wọ́n ń lọ, ẹrù aṣọ sì wà lórí itan rẹ̀. Káfíńtà kí i, ó ní kó jọ̀ọ́ bá òun fojú sí màmá òun. Ó gun òkè lọ.

Lókè, ó bá ọkùnrin kan tó ń ta pákó pàdé, àwọn méjèèjì ti mọra tipẹ́. Wọ́n dúró ti irin etí ọkọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wọn lára. Ọkọ̀ wọ èbúté kan, ó kúrò, ó wọ òmíràn. Níbi kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ yóò kẹ̀yìn sí ilẹ̀, wọn yóò sọ ilẹ̀kùn irin ńlá ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ bí afárá, àwọn èèyàn yóò sì tú jáde pẹ̀lú alùpùpù, apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi okùn dì. Àwọn mìíràn yóò wọlé, wọn yóò tú okùn, ọkọ̀ yóò tún fọn fèrè. Ní gbogbo èbúté ni káfíńtà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, ọmọ mi."

"Ó ti kù díẹ̀."

Yóò sì tún gòkè lọ.

Ní èbúté kan, ìyá di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ó ní, "Ṣé o ò ní jókòó díẹ̀ ni?"

Ó ní, "Mò ń bọ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n pe ẹnì kan lórí fóònù."

Arúgbó tó wà nílé ló fẹ́ pè. Arúgbó náà sọ fún un pé ilẹ̀kùn ti dúró, pé òun ti gbé àga síwájú rẹ̀, pé òun náà ń lọ sí èbúté lọ dúró. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó ń ta pákó. Ẹni tó ń ta pákó gbá a lẹ́yìn, ó ní ọmọ gidi ni.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni ẹ̀fúùfù láti àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Àwọn tó ń gbé létí òkun yẹn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ojú ọ̀run kì í ṣú fún un, oòrùn á máa ràn gan-an bí omi ṣe ń ru. Ìgbì ń gun ara ọkọ̀. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nígbà tí erékùṣù ìyá náà hàn lókèèrè, ohùn ọ̀gá atukọ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ, ó ní òun yóò gbìyànjú láti wọ èbúté, ṣùgbọ́n bí kò bá ṣeé ṣe, ọkọ̀ yóò lọ dúró ní erékùṣù ńlá tó wà níwájú títí ẹ̀fúùfù yóò fi rọ̀.

Ó gbìyànjú lóòótọ́. Ọkọ̀ kẹ̀yìn sí ilẹ̀, wọ́n sọ ilẹ̀kùn irin náà dé ìdajì, ìgbì sì gbá a sókè bíi páálí. Káfíńtà di irin etí ọkọ̀ mú. Ó rí èbúté náà. Ó rí arúgbó kan tó wọ aṣọ dúdú, tó gbé ọwọ́ sókè, tó ń kígbe pé, "Marusó! Marusó!" Ó gbójú sókè, ó sì rí ilé funfun kan ní ẹ̀gbẹ́ òkè, àti ilẹ̀kùn búlúù lára rẹ̀, tó hàn gbangba nínú oòrùn.

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ìyá òun wà nísàlẹ̀.

Ó sáré. Àtẹ̀gùn kún fún àwọn tó ń gòkè láti fẹ́ afẹ́fẹ́. Ó ń tì wọ́n, ó ń tọrọ gáfárà. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ wá wò ó!" Ó gbá a mú lábẹ́ abíyá. Ṣùgbọ́n ara ìyá kò gbà á. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan, yóò dúró mí. Bó bá tún gbé òmíràn, ọkọ̀ yóò mì, yóò tún dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde síta lókè, ọkọ̀ ti yí orí padà, apá òkè kan tó yọ sínú òkun sì ti bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Àpáta nìkan ló kù níwájú wọn, àti koríko gbígbẹ, àti ewúrẹ́ mélòó kan.

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ lu irin. Ó ní, "Ẹ ò rí i! Màmá, ẹ ò rí i!"

Ìyá ní, "Kí ni mi ò rí?"

Ó sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń rojọ́. Ìyá fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn ọwọ́. Ó ní, "O ṣe é. O kú iṣẹ́." Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Ta ló wà ní èbúté?"

Ọmọ ní, "Arúgbó obìnrin kan ni, ó ń kígbe orúkọ yín."

"Ó pe orúkọ mi?"

"Ó pè é, Màmá."

"Báwo ló ṣe pè é? Pè é kí n gbọ́."

Ọkùnrin náà kò pe orúkọ ìyá rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó ní, "Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn fúnra yín, tí ẹ̀fúùfù bá ti rọ̀."

Wọ́n dé erékùṣù ńlá, wọ́n gba yàrá. Ẹ̀fúùfù kò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Káfíńtà kò lè jókòó. Ó ń lọ sí èbúté, ó ń bọ̀, ó ń bi àwọn atukọ̀ léèrè, ó ń wo ojú omi. Ìyá rẹ̀ ní, "Wá jókòó." Ó ní òun fẹ́ rí i dájú pé ọkọ̀ kò ní fi àwọn sílẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n sọ fún un pé òkun ti ń tùbà, pé ọkọ̀ yóò gbéra. Ó sáré padà láti lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ó bá a lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ife tíì tí onílé gbé fún un wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èéfín ṣì ń yọ lójú tíì náà. Ìyá ti kú.

Ọkọ̀ gbé e lọ sílé. Wọ́n gbé pósí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láàárín àwọn mọ́tò akẹ́rù, ọmọ rẹ̀ sì dúró tì í. Àwọn ọkùnrin ìlú náà gbé e gun òkè. Ilẹ̀kùn búlúù náà fẹ̀, káfíńtà ti wọ̀n ọ́n dáadáa, pósí náà gba inú rẹ̀ kọjá láìkan ẹ̀gbẹ́ kankan. Arúgbó náà da orí lé pósí, ó ń pe orúkọ rẹ̀ léraléra. Wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bí àwọn èèyàn ṣe ń mu kọfí nínú ilé náà, aránṣọ tó wà nínú ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àsẹ̀yìndè ìyá. Èmi ni mo jókòó ti màmá nínú ọkọ̀."

Ọkùnrin náà ní, "Mo dá yín mọ̀. Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan?"

Aránṣọ náà ní, "Wọ́n sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n sọ nípa ọjọ́ tí bàbá wọn ń mú wọn lọ sílé ọkọ. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, torí wọn ò tíì rí ọkọ náà rí. Bàbá wọn kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀, ewúrẹ́ ló ń dà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó jókòó tì wọ́n lókè ọkọ̀ láti ibí títí dé ọ̀hún, ó di ọwọ́ wọn mú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé àwọn la gbogbo ohun tójú àwọn rí já. Òun ni wọ́n fẹ́ sọ fún yín."

"Kí ni ọ̀rọ̀ náà?"

"Mi ò mọ̀. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ti ọmọ àwọn ni, àwọn ò lè sọ ọ́ fún àlejò."

Aránṣọ náà wo ilẹ̀, ó ń rò ó bóyá kí òun sọ èyí tó kù tàbí kí òun má sọ ọ́. Níkẹyìn, ó ní, "Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fara balẹ̀, pé wọ́n á rí àyè sọ ọ́ tí ẹ bá délé. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, 'Tí a bá délé, àwọn ará ilé á yí mi ká, òun náà á sì máa wá ohun tó bàjẹ́ tó máa tún ṣe. Inú ọkọ̀ yìí nìkan ni mo rò pé màá ti rí i fún ara mi.'"

Ọkùnrin náà bi arúgbó náà bóyá ó mọ ọ̀rọ̀ tí bàbá ìyá òun sọ. Kò mọ̀ ọ́n. Ó bi àwọn àgbàlagbà ìlú. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó wọ ọkọ̀ padà sílé, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ṣì wà láyé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní, bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, ì báà ṣe ọmọdé, yóò gbé ayùn sílẹ̀, yóò jókòó, kò sì ní dìde títí onítọ̀hún yóò fi sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń fẹ́ gbọ́, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún un mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni mò ń bá wí. Mo ti rí ilé tí o kọ́ fún ìyá rẹ ní Ìmẹ̀sí. Ó dára. Omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, o gba ẹni tí ń dáná fún un. Kò sí ẹni tó lè sọ pé o kò ṣe dáadáa, èmi náà kò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ládùúgbò náà sọ fún mi bí o ṣe máa ń lọ kí i. Wọ́n ní o máa ń gbé àpò ìrẹsì àti ìgò òróró kalẹ̀ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wàá yẹ ẹ̀rọ omi wò, wàá béèrè bóyá ó lo oògùn rẹ̀, wàá ní o fẹ́ tètè máa lọ nítorí ọ̀nà. Wọ́n ní o kì í pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Wọ́n ní ìyá máa ń tẹ̀ lé ọ jáde dé ìdí mọ́tò, ó máa ń di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, ìwọ a sì máa sọ fún un pé, bí iṣẹ́ bá ti rọlẹ̀, ẹ jọ máa sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́dún Kérésì.

Ohun tó fẹ́ sọ, mi ò mọ̀ ọ́n. Kò ní sọ ọ́ fún mi, torí àlejò ni mo jẹ́ sí i. Ìwọ ni ọ̀rọ̀ náà wà fún.

Má ṣe dúró de Kérésì. Má ṣe ra nǹkan kan dání lọ́tẹ̀ yìí, kó má baà jẹ́ pé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ lo máa gbé kalẹ̀, tí wàá sì tún máa lọ. Lọ lọ́la. Pa ẹ́ńjìnnì. Wọlé. Bó bá ní kí o jókòó, jókòó.